Sí Bùkọ́lá ní Berlin

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù yẹn ńkọ́? Àárò ẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, kò sẹ́ni tí mo lè bá jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú mọ́. Mọ́mì ní kí n kí ẹ, orúnkún wọn ti sàn díẹ̀, Ṣọlá ti bímọ, obìnrin ni, ó jọ bàbá ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n sì ti tún transformer àdúgbò wa ṣe.

Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ yẹn ló ń dà mí láàmú látìgbà yẹn, ti àgbàlá Bendlerblock, ilé iṣẹ́ ológun tí wọ́n ti pa àwọn tó fẹ́ pa Hitler, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn márùn-ún yẹn sí. Gbogbo ayé ló mọ Stauffenberg, ọ̀gá sójà tó gbé bọ́ǹbù lọ síbi tí Hitler wà ní July 20, 1944, àmọ́ orúkọ tó ṣáájú gbogbo wọn lèmi ń wò, Ludwig Beck. Mo ní kí ló gbé bàbá ẹni ọdún 64, tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun tipẹ́, débẹ̀? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ̀.

Biebrich lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wiesbaden ni wọ́n bí i sí, ní 1880, bàbá ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin, ó tún kọ ìwé ńlá lórí ìtàn irin. Ọdún 1898 lọmọ wọ iṣẹ́ ológun, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yin àgbá ló wọ̀, ní Strasbourg tó ṣì wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà yẹn. Iṣẹ́ ìṣirò ni iṣẹ́ àgbá, ibi tí ọta máa balẹ̀ sí jìnnà sẹ́ni tó yìn ín, o gbọ́dọ̀ ti rò ó tán kó o tó yìn ín, ó sì jọ pé bó ṣe ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó gbéyàwó ní 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń lọ, nígbà tó fi máa di 1917 ìyàwó ti kú, ó fi ọmọbìnrin jòjòló sílẹ̀ fún un, kò sì fẹ́ ẹlòmíì mọ́. Mo ní láti dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó lè kà á lọ, o mọ ìdí ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé èèyàn mímọ́ ni o. Nígbà tí Hitler gorí àlééfà ní 1933, inú ẹ̀ dùn. Òun gan-an wà lára àwọn tó sọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì di ńlá padà, ó di ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ogun orí ilẹ̀, ó sì búra fún Hitler ní 1934 bíi ti gbogbo wọn. Kódà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé Jámánì ò tíì ṣe tán, pé tí wọ́n bá kọlu Czechoslovakia, France àti Britain máa dá sí i, ilẹ̀ àwọn á sì parun. Àmọ́ bó ṣe ń kọ ìwé kan tẹ̀ lé òmíì ní 1938 yẹn, ohùn ẹ̀ ń yí padà. Ní July ó kọ ọ́ pé ìgbọràn sójà ní ibi tó mọ, tí ìmọ̀ ẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ àti ojúṣe ẹ̀ bá ti ní kó má ṣe nǹkan, kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Lábẹ́ Hitler ló kọ irú ẹ̀ o, Bùkọ́lá!

Ohun tó fẹ́ ni pé kí gbogbo àwọn ọ̀gágun jọ kọ̀wé fipò sílẹ̀. August 4, wọ́n pàdé lọ́dọ̀ Brauchitsch tó jẹ́ olórí wọn, wọ́n ka ìwé Beck sí wọn létí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì gbà pé òótọ́ ni, ogun yẹn máa ba Jámánì jẹ́. Wọ́n gbà! Ni wọ́n bá dìde, kálukú gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. Beck nìkan ló kọ̀wé, ó gbé iṣẹ́ fún Halder, ọmọ ẹ̀ka àgbá bíi tiẹ̀, ó gbalé lọ. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé Hitler ní kó má jẹ́ kó hàn síta, ó sì gbà, títí di ìparí October aráàlú ò gbọ́. Kí ló dé tó gbà? Ká ní ó pariwo ẹ̀ ńkọ́? Mo ń ro ìyẹn lóru tí oorun á fi dá lójú mi.

Ó wá di ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ilẹ̀ tí bọ́ǹbù yẹn bá pa Hitler. Kò pa á. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, Fromm, ọ̀gágun kan tó bẹ̀rẹ̀ nídìí àgbá lòun náà, ní kí wọ́n mú Beck àtàwọn tó wà ńdìí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Beck ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọwọ́ ara òun ṣe é, ó yìnbọn sórí ara ẹ̀, kò kú, sójà kan ló padà parí ẹ̀. Wọ́n sin ín tòun tàwọn mẹ́rin yòókù tí wọ́n yìnbọn pa, wọ́n tún hú wọn jáde, wọ́n sun wọ́n, wọ́n da eérú wọn nù. Keitel àti Jodl, àwọn ọ̀gágun tí wọ́n tẹ̀ lé Hitler dé òpin, àgbá làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀, Nuremberg ni wọ́n so wọ́n kọ́ sí ní 1946.

O ti máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ń bẹ níkùn mi. Ẹni tó ni iléèwé wa ti pè wá, ó ní kálukú gbọ́dọ̀ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú WAEC, pé àwọn òbí ti sanwó ẹ̀. Nínú stáàfù rúùmù gbogbo wa la jọ pariwo pé a ò ní gbà, ká kọ lẹ́tà ká jọ sáìnì ẹ̀, mo sì kọ ọ́. Nígbà tó wá kan sísáìnì, ọ̀kan ní ìyàwó òun lóyún, ọ̀kan ní rẹ́ǹtì òun ti fẹ́ pé, mi ò sì lè bínú sí wọn torí òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí.

Mọ́mì ò tíì mọ̀. Tí mo bá fún wọn ní lẹ́tà yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, wọ́n sì lè ní kí n dákẹ́ kí wọ́n tó san owó oṣù tí wọ́n jẹ mí, mi ò sì fẹ́ dákẹ́. Bùkọ́lá, ṣé wàá lè bá mi gbé owó oògùn Mọ́mì títí màá fi rí iṣẹ́ míì? Tí ò bá ṣeé ṣe, sọ fún mi ní tààrà, ọ̀rẹ́ wa ò ní torí ẹ̀ bàjẹ́. Jọ̀ọ́, pè mí kó tó di Monday, ìgbà yẹn ni wọ́n ní ká mú ìdáhùn wa wá.

Bá mi kí Dèjì.

Èmi ni tìẹ,
Títí