Lẹ́tà sí Kẹ́hìndé: Igbó Gashaka àti Ilé Tí A Wọ̀ Sí

Kúbwà, Àbújá
Ọjọ́ 16, Oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa wà dáadáa, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru Àbújá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa tọ̀sán-tòru.

Mo ka ohun tí o kọ, pé o fẹ́ kí àwọn ọmọ rí igbó Nàìjíríà kí wọ́n tó dàgbà tán, àti pé nígbà tí o gbọ́ pé a lọ sí Taraba, o fẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an fún ọ. Mú wọn wá. Igbó yẹn tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ilé tí a wọ̀ sí, èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń dáàbò bo igbó, má ṣe kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Gashaka-Gumti ni à ń wí yìí, ní gúúsù Taraba, ó sì wọ Adamawa, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ pa igbó ọba Gashaka àti ti Gumti pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Kò sí èyí tó tóbi tó o ní Nàìjíríà: ó lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Èkó. Inú rẹ̀ ni Gangirwal wà, òkè tó ga jù ní ilẹ̀ wa, 2,419 mítà. A ò gun ún, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó sì gba ìmúrasílẹ̀.

Ìrìn náà kò gba àlàyé púpọ̀. Bàálù gbé wa dé Jalingo, ọkọ̀ gba Bali dé Serti, níbi tí oríkò ọgbà náà wà. A béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n kí a tó gbéra, a ò sì rìn lóru rárá. Láti Serti ni ilẹ̀ pupa àti òkúta ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú odò tí mọ́tò ń wọ́ gbà kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti dé, omi á kún, mọ́tò ò ní lè kọjá. Oṣù Kejìlá tí o ń rò bọ́ sí àsìkò tó dára.

Ní ọjà Serti ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Ṣé o mọ̀ pé kò síbi tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í tajà dé ní Òkè Ọya. Ìyá kan tó ń ta ike àti abọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èmi àti àbúrò ọkọ mi, ó pariwo, "Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, kí lẹ wá ṣe níbí?" Ó fún wa ní àga, ó bu omi fún wa mu. Ó ní ibẹ̀ ni òun bí gbogbo ọmọ òun sí, Hausa àti Fúlàní sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nígbà tó gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó ní, "Igbó yẹn dára, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Ilé yẹn ní tirẹ̀, ata lásán pàápàá, wọn kì í rà á lọ́wọ́ wa." Kò yé mi nígbà yẹn.

Ẹni tó mú wa wọ igbó ni bàbá kan tí gbogbo abúlé ń pè ní Malam. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀. Hausa tí mo gbọ́ ní Kúbwà ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìdájí ló ti wá pè wá, kó sì tó gbé ẹsẹ̀, ó béèrè ẹni tó ń húkọ́ tàbí tó ní ọ̀fìnkìn láàárín wa. Eruku ọ̀nà ti kó bá ọkọ mi, ó ń húkọ́. Malam ní kó dúró sílé. Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ títí, bàbá ò gbà. Àìsàn tí kò ju ọ̀fìnkìn lọ lára ènìyàn lè pa ìnàkí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee, torí ẹ̀dá wọn sún mọ́ tiwa, ara wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àìsàn wa jà. Ó dun ọkọ mi wọra, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti bọ̀wọ̀ fún Malam. Àlejò tó sanwó láti Àbújá ló dá padà nítorí ìnàkí.

Irú ìnàkí tó wà níbẹ̀, kò sí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, òun ló sì kéré jù níye nínú irú mẹ́rin tó wà. A ò tètè rí wọn. Ìtẹ́ wọn la kọ́kọ́ rí lókè igi, ẹ̀ka tí wọ́n tẹ̀ wọnú ara wọn, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe òmíràn sùn. Níwájú díẹ̀, Malam ṣa igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nílẹ̀, èyí tí wọ́n ti já gbogbo ewé ara rẹ̀ kúrò. Igi tí wọ́n fi ń jẹ ìjàlọ ni. Wọ́n á tì í bọ ihò ìjàlọ, ìjàlọ á gun un, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á sì tètè gbá a sẹ́nu kí ó tó bù wọ́n ṣán. Ó yẹ kí o rántí ọjọ́ tí ìjàlọ lé wa kúrò lábẹ́ igi ọsàn níléèwé. Ẹranko kan wà tó ń fi wọ́n jẹun àárọ̀.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ròkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di igbe, òmíràn gbè é láti òdìkejì àfonífojì, bí gbogbo igbó ṣe ń dún gbì, gbì, gbì nìyẹn. Gbòǹgbò igi ńlá, èyí tó yọ jáde nílẹ̀ bí ògiri, ni wọ́n ń lù. Malam ní ẹni tó jìnnà á fi mọ ibi tí àwọn yòókù wà. Kẹ́hìndé, orí mi wú. Nígbà tí a sì wá rí wọn, kò pẹ́ rárá: abiyamọ kan tí ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́yìn gba orí ẹ̀ka kọjá, ó wò wá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìnàkí tí wọ́n kó wa lọ wò nínú àgò nígbà èwe, kò wò wá báyìí. Èyí wò wá bí onílé ṣe ń wo ẹni tó kọjá lójú ọ̀nà.

Lọ́sàn-án, lẹ́tí odò, a rí ẹdun. Ìwọ àti Táíwò ló sọ sí mi lọ́kàn. Láti kékeré la ti ń kì yín, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi, mi ò sì fojú rí ẹdun rí láyé mi. Dúdú àti funfun ni wọ́n, irun funfun bo èjìká wọn dé ẹ̀yìn, ìrù wọn gùn, wọ́n ń fò láti orí igi kan sí òmíràn bí ẹni pé ilẹ̀ ò sí. Mo sọ fún Malam pé ẹranko yìí la fi ń ki ìbejì lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Nígbà náà, ẹ kì í jẹ ẹ́." Mo ní ilé tí wọ́n bá ti bí ìbejì kì í jẹ ẹ́. Ó ní ilé yòókù ńkọ́? Mi ò rí èsì fún un, torí ìwọ náà mọ bí igbó ṣe kù ní ilẹ̀ Yorùbá.

Bàbá yẹn ní ìtàn lẹ́nu. Àwókù ilé olódi àwọn Jámánì ṣì wà ní Gashaka, torí Kamẹrúùnù ti Jámánì ni gbogbo àgbègbè náà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1961 ni wọ́n dìbò pé Nàìjíríà ni àwọn ń bá lọ, bàbá tó bí Malam wà lára àwọn tó dìbò náà. A ṣe ìwé mẹ́wàá tán, mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Omi orí àwọn òkè yẹn ló sì ń ṣàn wọ odò Taraba, Taraba wọ Bẹ́núé, Bẹ́núé wá lọ bá Ọya ní Lọ́kọ́ja. Níbi tí mo ti fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó mọ́ débi pé mo ń rí òkúta ìsàlẹ̀.

Ó wá ku ilé náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọmọ abúlé ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí lẹ́tà mi. Ó wuni lójú: ilé alámọ̀ roboto tí wọ́n fi koríko bò, tó tutù lọ́sàn-án gangan, tó kọjú sí òkè. Ibùsùn mọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò ya. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi wẹ̀, ìyẹn ò dùn mí rárá, torí kò sí ìdí tí àlejò yóò fi máa da omi nù nírú ibẹ̀ yẹn. Iná sólà ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ìyẹn náà ò dùn mí, òṣùpá wà.

Jẹnẹrétọ̀ ni inú fi bí mi. Bí sólà bá ti kú báyìí, wọ́n á tan ẹ̀rọ ńlá kan nítorí fìríìsà ọtí, ó di ìdájí kí wọ́n tó pa á. Igbó tí a torí ohùn rẹ̀ rin gbogbo ìrìn yẹn, a ò lè gbọ́ ọ lóru. Malam ní ìnàkí tó máa ń wá jẹ èso ọ̀pọ̀tọ́ nítòsí ibẹ̀ ti kó lọ sí òdìkejì odò láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé. Lẹ́yìn ilé ìdáná, ihò kan wà tí wọ́n ti ń sun ike omi àti ọ̀rá, èéfín rẹ̀ sì ń wọ yàrá àbúrò ọkọ mi. Oúnjẹ wọn ni Indomie, sadín àti búrẹ́dì tó ti le, tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀, nínú abúlé tó wà nítòsí, àwọn obìnrin Fúlàní ń ta nọ́nò àti fúrá, oyin wà, ẹyin wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tó yé mi.

Èyí tó burú jù ni ti owó. Nínú rìsíìtì wa, owó ọ̀tọ̀ kan wà tí wọ́n pè ní owó ìtọ́jú igbó àti ìrànwọ́ abúlé. Kò kéré o. Tayọ̀tayọ̀ la fi san án. Mo wá bi Malam pé kí ni abúlé ń fi í ṣe, kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó mú mi lọ bá Jauro, olórí abúlé, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní owó tí àlejò bá fi lé afinimọ̀nà lọ́wọ́ nìkan ni àwọn ń rí. Ẹ̀rọ omi abúlé ti bàjẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ìyà rẹ̀ wà, torí inú odò ni wọ́n ń lọ pọnmi. Mo bá ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ilé náà sọ ọ́. Kò rí mi fín, ó kàn ní ọ̀gá tó ni ilé ló mọ̀ nípa owó náà, Àbújá níbí ló sì ń gbé. Mo pe ọ̀gá náà lẹ́yìn tí a dé. Ó ní àwọn ṣì ń ṣètò rẹ̀. Mo ní kó fi àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti ṣe ránṣẹ́ sí mi. Títí di òní, mi ò rí nǹkan kan gbà.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kọjá pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa. Malam gbé ìbọn sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ fífi ọ̀nà hàn ń fún un lówó tó fi ń rán ọmọ lọ síléèwé. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ń wò ó. Bí owó àlejò kò bá dé abúlé, tí ẹran ìgbẹ́ sì ń dé ọjà, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń gba ìnàkí yẹn là lójoojúmọ́, orúkọ wọn sì ni ẹni tó jókòó sí Àbújá fi ń pawó. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a sùn sí Serti, kí a lọ sí ọ́fíìsì ọgbà fúnra wa, kí a san owó ìwọlé níbẹ̀, kí a sì ní kí wọ́n jẹ́ kí Malam mú wa lọ. Owó tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ la ó fi í lé. Ọjà Serti la ó ti ra oúnjẹ, ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣèlérí àmàlà. Bí àyè bá wà, a lè gun òkè lọ sí Mambilla kí àwọn ọmọ rí oko tíì. Ibẹ̀ tutù, ẹ mú súwẹ́tà dání. Kí àwọn ọmọ lo oògùn ibà láti ọ̀hún wá, torí pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí wọn sí, ibà ilé wa lè mú wọn gidi. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà, kí wọ́n sì mú ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń húkọ́ lọ́jọ́ náà, sọ fún wọn láti ìsinsìnyí pé ilé ló máa jókòó sí.

Ọkọ mi ti bá ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Jalingo sọ̀rọ̀ nípa ti abúlé. Bó bá ti mọ iye tó máa ná wa, màá sọ fún ọ.

Kọ ọjọ́ tí iléèwé àwọn ọmọ máa parí ránṣẹ́ sí mi kíá, torí Malam ò ní fóònù, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Serti ló ń bá wa jíṣẹ́ fún un, ó sì máa ń pẹ́ kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bá mi kí Táíwò bí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí o sì bá mi dì mọ́ àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Fọlákẹ́ rẹ