Lẹ́tà sí Akínwùmí Nípa Ìgò Lambic Mẹ́rin

Anderlecht, Brussels
Ọjọ́ 9, Oṣù Kọkànlá

Akínwùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Inú mi dùn nígbà tí àbúrò mi tẹ̀ mí láago pé òun ti gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn láyọ̀, àti pé kò sí èyí tí ó fọ́ nínú ìgò ọtí mẹ́rin tí mo fi rán an sí ọ. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé o ti to ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí àlejò ti lè rí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi jókòó kọ̀wé sí ọ lálẹ́ òní. Jọ̀wọ́, kí o tó kà síwájú, dìde, kí o gbé wọn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Ìgò aláwọ̀ ewé kò lágbára láti dí oòrùn, òórùn burúkú ni oòrùn sì máa ń dá sínú irú ọtí bẹ́ẹ̀.

Lambic ni orúkọ ọtí náà, irú bíà kíkan kan ni. Ìlú Brussels níhìn-ín àti àwọn abúlé Pajottenland tí ó wà lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní àfonífojì odò Senne, ni ilé rẹ̀. Ọkà báálì tí a mú hù àti àlìkámà tí a kò mú hù ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, àlìkámà yìí a sì máa tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n tún ń fi òdòdó hops sí i, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan tí ìkorò rẹ̀ ti rọ̀, torí kí ọtí má baà bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá hó tán, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n ńlá kan tí ó fẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jìn, tí wọ́n ń pè ní koelschip, lábẹ́ òrùlé gan-an. Wọ́n á ṣí ojú ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, òtútù òru á sì máa fẹ́ sí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ìwúkàrà sí i. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú pákó àgbá, ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Nítorí òtútù òru yìí ni wọn kì í fi í pọn ọ́n nínú ooru. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹrin ni àsìkò rẹ̀.

Ìwọ tí bàbá rẹ àgbà jẹ́ adẹ́mu kò ní ṣàìmọ ohun tí mo ń sọ. Ta ni ó fi ìwúkàrà sínú agbè tí a so mọ́ ọ̀pẹ? Ẹmu a dé láàárọ̀, a dùn mọ́ni lẹ́nu. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń kan. Tí ó bá fi di ọ̀túnla, àwọn àgbà nìkan ni ó kù tí ó lè gbé e mì. Ìrìn tí ẹmu ń rìn láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni lambic ń fi ọdún mẹ́ta rìn nínú àgbá igi óákù. Nítorí náà, nígbà tí o bá tọ́ ọ wò, má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Kíkan ni ó yẹ kí ó kan. Ìwọ yóò tún gbọ́ òórùn kan lára rẹ̀ bí ti pákó àtijọ́, ti koríko gbígbẹ, nígbà mìíràn bí ti awọ ẹran. Ìwúkàrà kan tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Brettanomyces, ni ó fi òórùn yẹn sílẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ bruxellensis, orúkọ ìlú yìí.

Mẹ́ta nínú àwọn ìgò rẹ jẹ́ geuze, ìyẹn lambic ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta tí a dà pọ̀. Ṣúgà ṣì wà nínú èyí tí ó kéré lọ́jọ́ orí. Ṣúgà yẹn ni ó ń tún ọtí mú hó nínú ìgò, tí ó fi ń ní ìfófòó. Èyí tí ó dàgbà ni ó mú ìjìnlẹ̀ adùn wá. Ẹni tí ń da wọ́n pọ̀ ní láti tọ́ àgbá lẹ́yìn àgbá wò, kí ó sì mọ ohun tí ọtí yóò dà ní ọdún tí ń bọ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ṣòro ju pípọn ọtí lọ. Ìgò méjì jẹ́ ti ilé ìpọntí Boon, láti abúlé Lembeek. Ìkẹta jẹ́ ti ilé ọtí mìíràn, 3 Fonteinen. Ẹ̀kẹrin ni kriek ti ilé ìpọntí Cantillon, tí wọ́n rẹ èso ṣẹ́rì kíkan sí, nǹkan bí gíráàmù 200 fún lítà kan. Láti ọdún 1900 ni Cantillon ti wà, kò sì jìnnà sí ilé mi. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀.

O bi mí bí mo ṣe ń mọ èyí tí ó yẹ kí n rà. Ọ̀rọ̀ kan ni kí o kọ́kọ́ wò lára ìgò: "oude", tí ó túmọ̀ sí "àtijọ́". Láti ọdún 1997 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti dáàbò bo Oude Geuze àti Oude Kriek, pé lambic gidi nìkan ni ó lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ìgò tí a kọ geuze tàbí kriek lásán sí lára lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ṣúgà dùn, tí wọ́n ti sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ti fi ooru pa ohun abẹ̀mí inú rẹ̀. Kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí àǹfààní kankan nínú fífi í pamọ́. Cantillon kì í sábà kọ "oude", "100% Lambic" ni ó ń kọ. Ní ti Girardin, ilé ìpọntí mìíràn, èyí tí bébà ara ìgò rẹ̀ dúdú ni a kò sẹ́, èyí tí tirẹ̀ funfun ni a sẹ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìgò fún ọ ní owó gọbọi nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n. Ó máa ń dùn mí bí àwọn kan ti ń ra ìgò kó lọ láti tún un tà ní ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà tí Oude Geuze Boon wà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, tí ó sì dára bí ohunkóhun.

Ní ti ìtọ́jú, àṣìṣe mi ni kí o fi kọ́gbọ́n. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ra ìgò mẹ́fà, mo sì to wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, lókè ẹ̀rọ amúlégbóná. Nígbà tí mo ṣí wọn lẹ́yìn ọdún kan, òórùn páálí tí ó rẹ omi ni ó jáde, ọtí sì ti rọ pẹ̀tẹ̀. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 2009, ẹ̀rọ tí ń darí ooru yàrá ìpamọ́ ní 3 Fonteinen bàjẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò sì bà jẹ́. Armand Debelder, tí ó ń darí ibẹ̀ nígbà náà, kó èyí tí ó kù lọ sísè di ọtí líle, kí ó má baà dànù tán. Bí èmi bá rántí ìyẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lọ wo yàrá abẹ́ ilẹ̀ mi, níbi tí ó máa ń wà láàárín ìwọ̀n 11 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí mo tẹ́ ìgò sílẹ̀ gbọọrọ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ.

Ìbàdàn kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Déètì tí o rí lára ìgò, tí ó fò tó ọdún 20 síwájú, ọ̀rọ̀ inú òkùnkùn tí ó tutù ni, kì í ṣe ti ilé tìrẹ. Fi ìwé ìròyìn wé ìgò kọ̀ọ̀kan, kí o tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, níbi tí ẹ ń kó ẹ̀fọ́ sí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láìnídìí. Kriek ni kí ẹ kọ́kọ́ mu, torí èso inú rẹ̀ ń ṣá bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ẹ mu Boon kan nígbà Kérésìmesì, ọ̀kan nígbà Àjíǹde. Ti 3 Fonteinen, fi í sílẹ̀ dè mí.

Nígbà tí o bá fẹ́ ṣí èyíkéyìí, gbé e nàró láti ọjọ́ kan ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọ̀ sí ìdí ìgò, kí o sì mú un jáde ní fíríìjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún, torí òtútù àpọ̀jù a máa pa adùn rẹ̀. Lábẹ́ ìdérí irin ti Cantillon, kọ́ọ̀kì mìíràn ṣì wà. Wá ohun tí ìwọ yóò fi yọ ọ́ sílẹ̀. Rọra dà á sínú ife láìdáwọ́ dúró. Ìyókù tí ó dàrú nísàlẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni, èmi máa ń mu tèmi.

Àwọn mẹ́rin mìíràn tí mo rà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tìrẹ wà lábẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín. Bí ẹ bá ti ṣí kriek, kọ̀wé sọ fún mi bí ó ti rí lẹ́nu, kí n lè ṣí tèmi, kí n wò ó bóyá ìrìn àjò náà ti yí i padà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táyọ̀