Ẹ má tètè da sódà sí ọtí eléso

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Kérésì ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká po ọtí eléso bó ṣe yẹ. Ìgò wisikí kan, lítà kan omi ọsàn, ìdajì lítà omi ọ̀pẹ òyìnbó àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ 4 tó àlejò 15. Ẹ má tẹ ọsàn ní àtẹ̀jù. Èèpo funfun inú rẹ̀ ló ń mú un korò. Ṣúgà kì í tètè yòrò nínú ohun tútù, omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pò ó.

Yìnyín wẹ́wẹ́ gan-an ló ń ba ọtí yìí jẹ́: kíá ló ń yọ́, adùn á wá di omi ṣàn-án. Ẹ fi abọ́ omi kan dì nínú fìríìsà mọ́jú, kó di odidi òkúta yìnyín, òun ni kí ẹ gbé sínú ọtí náà. Ìgbà tí àlejò bá jókòó tán ni kí ẹ da lítà sódà kan sí i, kí gáàsì rẹ̀ má baà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ po ti ọmọdé àti awakọ̀ lọ́tọ̀, láìsí wisikí.

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo