Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Sí Olóòtú,

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti hàn nínú ìgbẹ́ ẹnìkan nílẹ̀ wa, "jẹ̀dí ni" ni gbogbo ilé máa wí, àgbo ló sì kàn. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí lè fa ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń fà á, ó sì lè má dun èèyàn rárá níbẹ̀rẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú tó ń dán bí ọ̀dà, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ ṣáá, pàápàá tó bá ti lé lọ́mọ ọdún 45 tàbí tó ń rù, kó wá gastroenterologist, dókítà tó kọ́ṣẹ́ nípa agbẹ̀du, ìfun àti ẹ̀dọ̀.

Pátákó iwájú ilé kò tó ẹ̀rí. Ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ dókítà náà bóyá FMCP tàbí FWACP, oyè àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́, wà níbẹ̀. Dókítà ọkàn àti ti kíndìnrín náà ń gba oyè yìí o, nítorí náà ẹ béèrè ẹ̀ka tó yàn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH n'Ídí-Àràbà àti OAUTHC n'Ífẹ̀ ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Ẹ gba lẹ́tà tẹ́ ẹ máa mú lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ dókítà tó kọ́kọ́ rí yín.

Dókítà tó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ, tó kàn kọ oògùn láìfi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ihò ìdí wò, ẹ wá ẹlòmíì. Bó bá ní kẹ́ ẹ ṣe colonoscopy, níbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo ìfun ńlá láti ìdí, ẹ bi í pé: nínú èèyàn 100, mélòó lẹ máa ń wo ìfun ńlá wọn dé ìpẹ̀kun? Ó yẹ kó tó 90, ó kéré tán. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń fa rọ́bà náà bọ̀ síta? Kó má dín ní 6, torí ìgbà tí wọ́n bá ń fà á bọ̀ ni wọ́n ń rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó lè di jẹjẹrẹ lọ́la. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Àmọ́ ìfun tí kò mọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má jẹ oúnjẹ líle: omi àti tíì tí kò ní mílíìkì lẹ lè mu. Sóbò kọ́ o, torí pupa rẹ̀ á jọ ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ẹ ti dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin dúró ní bí ọjọ́ 7 ṣáájú. Ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó sì ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ìfun. Ìdajì oògùn tó ń fọ ìfun lálẹ́, ìdajì kejì ní ìdájí, ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ kì í mu ìdajì kejì, wọ́n ní omi ló ń jáde báyìí. Omi tó rú kò tíì mọ́. Ìgbà tó bá mọ́ gaara bí ìtọ̀, tí kò ní èérún kankan, lẹ tó ṣetán. Oníàtọ̀gbẹ àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú ọjọ́ náà. Kí wọ́n má dá oògùn wọn dúró fúnra wọn.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Ìbàdàn.