Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà ń fẹ́ ìtọ́jú

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 3 rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá mi dúbúlẹ̀ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi náà ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, ilẹ̀ á mọ́ mo tún gbọ́dọ̀ dé ọjà Wàǹdó, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi wò, ó ti di 17 lórí 10, ìyẹn 170 lórí 100! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ní báyìí ìyàwó àbúrò mi máa ń jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, èmi á lọ sétí ọ̀sà láìmú fóònù dání, màá kàn máa mí. Àwọn kan ní mò ń sá fún ìyá mi, ó dùn mí o. Ẹ bá mi bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń fẹnu lásán kí wa, kí wọ́n wá gba ọjọ́ kan ṣe.