Amọ̀ ni wọ́n rí, kì í ṣe ìkòkò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa erùpẹ̀ tí wọ́n bù wá láti orí Bennu, àpáta ńlá kan tó ń yí oòrùn po. Ìròyìn náà kún, àkọlé rẹ̀ ni kò bá a mu: ẹ ní wọ́n ti rí ìwàláàyè nínú òkúta ojú ọ̀run. Wọn ò rí i o. Amọ̀ ni wọ́n rí, ẹ wá ń kí wa kú oríire ìkòkò.

Nínú erùpẹ̀ náà ni wọ́n ti bá 14 nínú amínò ásíìdì 20 tí ohun abẹ̀mí fi ń mọ prótíìnì, pẹ̀lú èròjà márààrún tó dà bí álífábẹ́ẹ̀tì tí DNA àti RNA, àwọn èròjà tó ń gbé àkọsílẹ̀ ìran nínú sẹ́ẹ̀lì, fi ń kọ̀wé. Kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1953 ni Stanley Miller, akẹ́kọ̀ọ́ Harold Urey ní Yunifásítì Chicago, ti rí amínò ásíìdì nínú ìgò. Ó gbé omi kaná, ó kó gáàsì mẹ́téènì, amóníà àti háídírójìn sí i, ó wá ń ṣáná sínú rẹ̀ bí ìgbà tí mànàmáná ń kọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, omi náà ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti pupa dòdò, ó sì dàrú. Ohun alààyè kankan kò sí níbẹ̀, òun náà kò sì sọ pé ó wà.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Amínò ásíìdì dà bí bàtà, ó ní tọ̀tún, ó ní tòsì. Tòsì ni prótíìnì ara wa ń lò. Nínú ìgò Miller àti nínú erùpẹ̀ Bennu, ìdajì-ìdajì ni wọ́n. Ohun tí kò ní ẹ̀mí kì í ṣa bàtà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni pé DNA ló ní àkọsílẹ̀ bí a ṣe ń mọ prótíìnì, prótíìnì ló sì ń bá DNA da ara rẹ̀ kọ. Ta ló wá ṣáájú? Thomas Cech àti Sidney Altman rí i pé RNA, tí a ti ń pè ní ìránṣẹ́ lásán, lè ṣiṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ohun tó ń mú kí èròjà tètè para dà, fúnra rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1989. Ẹ sì wo ráíbósóómù, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń so amínò ásíìdì pọ̀ di prótíìnì: RNA ló wà lójú ibi tí ìsopọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, àwọn prótíìnì tó wà níbẹ̀ kàn yí i ká ni. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ RNA ló ṣáájú àwọn méjèèjì. Ẹni tó mọ ilé lè ti lọ tipẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Bí RNA àkọ́kọ́ ṣe dé ló kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbìyànjú láti so ṣúgà mọ́ lẹ́tà RNA, kò gbà. Lọ́dún 2009, John Sutherland àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester kò ṣe ṣúgà lọ́tọ̀, wọn ò ṣe lẹ́tà lọ́tọ̀. Wọ́n jẹ́ kí méjèèjì jọ hù láti inú èròjà kéékèèké kan náà, pẹ̀lú fọ́síféètì nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Méjì nínú lẹ́tà mẹ́rin tí RNA ní ló jáde. Méjì péré, síbẹ̀ ìròyìn gidi nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ tún àkọlé yẹn ṣe, “Wọ́n rí èròjà ìwàláàyè” kò gùn jù.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kẹ́mísírì kan