Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi ní máa ta síngílẹ́ẹ̀tì mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà,

Ẹ kú àdúrótì. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi wá pé kí ló dé tí ẹ̀wù funfun tiwa fi wọ́n ju ti àwọn ilé-ìtajà ńlá ẹlẹ́ka púpọ̀ lọ. Ìbéèrè náà kò bí wa nínú. Ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sanwó fún.

Àwọn ilé-ìtajà wọ̀nyí náà ti kéré rí. Ọjà ni Michael Marks ń kiri kó tó gba àtẹ ní ọjà Kirkgate nílùú Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1884, tó ń ta ọjà ní pẹ́nì kọ̀ọ̀kan láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ná an. Tom Spencer dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1894, ilé-ìtajà náà sì di Marks & Spencer. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni Zara náà ní A Coruña, ní Sípéènì, lọ́dún 1975.

Ẹ̀ka tó ń pọ̀ sí i ló ń sọ ọjà wọn di ọ̀pọ́. Bí ilé-iṣẹ́ aṣọ bá mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀wù kan náà, yóò to aṣọ lérí ara wọn, yóò gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò sì ní dúró. Ó lè din owó rẹ̀, kó ṣì jèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ làwa ń gbà lọ́wọ́ alágbàtà, alágbàtà náà sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Èyí tó tún ká wa lára jù ni ti ọjà tí kò tà. Ẹ̀rọ tó ń ka àmì ìlà-ìlà dúdú lára ọjà ń sọ fún oríléeṣẹ́ wọn ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tà. Ẹ̀wù tí kò tà níbí, wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Tiwa kò ní ibì kankan tó máa lọ. Ọrùn wa ló máa wà. Kí n má purọ́, ẹ̀yin tó ń ra èyí tó tà lẹ ń bá wa gbé díẹ̀ nínú ẹrù yẹn.

Nítorí náà, a ti pinnu. Bí síngílẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀ àti ẹ̀wù funfun pẹlẹbẹ tó wà nílẹ̀ bá ti tán, a kò ní kó òmíràn wọlé. Ẹ rà á lọ́dọ̀ àwọn ilé-ìtajà ńlá náà, kò ní dùn wá rárá.

Aṣọ tó yẹ kó bá ara mu la óò dúró tì. Ẹ yí inú ẹ̀wù olówó pọ́ọ́kú síta, kí ẹ wo ojú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́kù síbẹ̀ kò tó nǹkan, torí pé bí wọ́n bá gé díẹ̀ kúrò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún, aṣọ tí wọ́n rí fi pa mọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sanra díẹ̀, kò sí ohun tí télọ̀ máa tú. Tiwa ní àlékún nínú, bọ́tìnì rẹ̀ kì í sì í tú bí ẹ bá fa òwú kan.

Ẹ̀wù tí ẹ bá rà lọ́wọ́ wa, tó bá fún yín tàbí tó ṣò, ẹ mú un wá, a óò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó mú un wá. Télọ̀ wa ti kọ̀ èyí tó lóòógùn.

Ẹ ṣé púpọ̀.

Onílé-ìtajà yín